Láti Ẹgàn dé Igbó Ìjọba: Ìtàn Àwọn Ọ̀rọ̀ Pàtàkì Lórí Igbó àti Àyíká ní Ilẹ̀ Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpa ìtàn àwọn ọ̀rọ̀ kan tí àwọn Yorùbá ń lò fún igbó, ilẹ̀ àti àyíká láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí di òní. Ó ṣàlàyé pé àwọn ọ̀rọ̀ bí ẹgàn, ìṣákọ́lẹ̀, igbó ìjọba àti wòléwòlé kì í ṣe orúkọ lásán. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti wọ ibì kan, ohun tí ó lè mú níbẹ̀, àti ìgbà tí ó yẹ kí ó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀tọ́ náà bá yí padà, ọ̀rọ̀ náà kì í dúró sí ojú kan. Iṣẹ́ yìí jiyàn pé àìlera àwọn ọ̀rọ̀ tuntun bí àyíká àti àyípadà ojú-ọjọ́ kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ ọ̀rọ̀ ìtumọ̀, bí kò ṣe pé wọn kò tíì dáhùn àwọn ìbéèrè tí àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ ń dáhùn. Ṣùgbọ́n kò gbà pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan tó láti dáàbò bo igbó. Ìtàn rọ́bà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún jẹ́ ẹ̀rí pé kò tó.

Ìfáárà

Nínú ọjà pákó àgbáyé, ìrókò, afàrà àti ìdígbó jẹ́ orúkọ tí àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yúróòpù mọ̀ dáadáa. Láti ilẹ̀ Yorùbá ni orúkọ wọ̀nyí ti bá gẹdú wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí òkè òkun, kò sì sí ẹni tí ó túmọ̀ wọn. Ní àkókò kan náà, àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn ń bọ̀ láti òkè òkun sí ilẹ̀ Yorùbá: ọ̀rọ̀ òfin, ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ, ọ̀rọ̀ ààlà tí a fi òkúta àti nọ́ńbà sàmì sí. Orúkọ igi lọ, orúkọ òfin dé. Nínú pàṣípààrọ̀ yìí ni ìtàn tí iṣẹ́ yìí ń sọ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ èdè ti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí bí a ṣe lè ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí ó máa ń jẹ wọ́n lógún ni pé: kí ni a ó máa pe nǹkan yìí ní Yorùbá? Ìbéèrè náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tó. Nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti igbó, orúkọ máa ń gbé ìdájọ́ dání. Ẹni tí ó bá pe ibì kan ní ẹgàn ti sọ ohun tí ó ṣeé ṣe níbẹ̀. Ẹni tí ó bá pe ibẹ̀ kan náà ní igbó ìjọba ti sọ ohun mìíràn, àgbẹ̀ tí ó bá gbọ́ ọ yóò sì mọ̀ pé ẹjọ́ lè wà níbẹ̀. Nítorí náà, ìtàn ni iṣẹ́ yìí gùn lé, kì í ṣe ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀.

Igbó, ẹgàn, ijù: ohun tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ gbé dání

Igbó ni ọ̀rọ̀ tí ó gbòòrò jù lọ nínú gbogbo wọn. Ó lè jẹ́ ibi tí igi ti sú, ó lè jẹ́ ibi tí koríko àti igi kéékèèké ti bo oko tí a pa tì. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ó túbọ̀ tọ́ka sí ibì kan pàtó wà. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ koríko tí igi rẹ̀ fọ́nká. Àkùrọ̀ ni ilẹ̀ ọlọ́rinrin ní etí odò, tí àgbẹ̀ lè gbin nǹkan sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ijù àti aginjù ni ibi tí ó jìnnà sí ènìyàn, tí ọdẹ nìkan ń gbójú wọ̀. Ẹgàn ni igbó ńlá tí ọkọ́ kò tíì kàn, tàbí tí ó ti pẹ́ púpọ̀ tí ọkọ́ ti kàn án gbẹ̀yìn.

Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ya oko sí oríṣi méjì: oko etílé àti oko ẹgàn. Oko etílé ni èyí tí àgbẹ̀ lè lọ ní òwúrọ̀ kí ó sì padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Oko ẹgàn jìnnà. Ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ máa ń sùn síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tí ó bá wo ìpín yìí lóréfèé lè rò pé ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò lásán ni. Ṣùgbọ́n ìpín náà ń sọ nípa ọjọ́ orí ilẹ̀ pẹ̀lú. Ilẹ̀ etílé ni a ti lò jù. Ilẹ̀ ẹgàn ni agbára rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ẹgàn, ní ọ̀nà yìí, kì í ṣe orúkọ oríṣi igi kan. Orúkọ àkókò ni. Ó ń sọ iye ìgbà tí ilẹ̀ náà ti fi sinmi.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá èyí lọ ni ṣá. Wọ́n á ní ilẹ̀ ti ṣá nígbà tí iṣu kò bá ta dáadáa mọ́, tí èpò sì gba ipò ohun ọ̀gbìn. Láti inú rẹ̀ ni aṣálẹ̀ ti jáde, ọ̀rọ̀ tí àwọn olùtumọ̀ Bíbélì lò fún ilẹ̀ tí ohunkóhun kì í hù, tí àwọn ìwé ìmọ̀ ayé sì gbà fún ilẹ̀ oníyanrìn bíi ti Sàhárà. Ìtumọ̀ tuntun yìí ti bo ìtumọ̀ ti tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀. Aṣálẹ̀ tí ó jẹ́ ibì kan ní òkèèrè kò kan àgbẹ̀ Ọ̀yọ́. Ilẹ̀ tí ó ń ṣá lábẹ́ ọkọ́ rẹ̀ kàn án gan-an, ọ̀nà tí àwọn baba rẹ̀ sì mọ̀ láti wò ó sàn ni pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n ṣí lọ sí ibòmíràn, kí igbó tún hù lórí rẹ̀.

Oríṣi ìdáàbòbò kejì wà nínú orúkọ tí a ń fi kún igbó. Igbó Orò, igbó ìgbàlẹ̀, igbó òrìṣà: ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí ó lè wọ̀ ọ́ àti ẹni tí kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Èèwọ̀ ni odi wọn. Ní ti ohun tí ẹnì kan ṣoṣo ni, bí igi eléso tàbí ìdì igi ìdáná tí a kó sí ẹ̀bá ọ̀nà, ààlè ni a ń lò: àkísà, ìkarahun, ṣùkù àgbàdo tàbí bàtà gbígbó tí a so mọ́ nǹkan náà láti kìlọ̀ fún olè. Ààlè kò nílò ẹ̀ṣọ́. Ó ń sọ pé nǹkan yìí ní olówó, àti pé ojú kan wà tí ó ń wò ó.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níbí. Kì í ṣe nítorí ẹyẹ àti ẹranko ni wọ́n ṣe dá igbó Orò sí. Nítorí awo ni. Bí igi ńlá bá kù níbẹ̀ tí kò kù ní ibòmíràn, àbájáde ni, kì í ṣe ìdí. Ẹni tí ó bá pe gbogbo èyí ní ìmọ̀ ìdáàbòbò àyíká ti fi ọ̀rọ̀ òde òní bo ọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá mọ́lẹ̀. Ohun tí a lè sọ láìṣe àsọdùn ni pé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní ààlà nínú: ààlà ènìyàn, ààlà ìgbà, ààlà ibi.

Ìrẹ́ di rọ́bà: ibi tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ kò ti ràn án

Ìtàn igi ìrẹ́ ni ó dára jù láti fi dán èrò yìí wò. Ìrẹ́ jẹ́ igi ẹgàn tí oje rẹ̀ funfun. Kí ó tó di 1894, kò sí òwò ńlá kankan tí ó dá lé e lórí ní Èkó. Ní àkókò Gómìnà Gilbert Carter ni àwọn ènìyàn láti Gold Coast wá fi bí a ti ń kọ igi náà lára láti gba oje rẹ̀ han àwọn ará ibí. Ogun Kírìjì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní 1893 ni. Ọ̀nà ti là, àwọn igbó tí ó ti jẹ́ ààlà láàárín àwọn ọ̀tá sì ti ṣí sílẹ̀. Ní 1895, rọ́bà tí ó gba èbúté Èkó kọjá lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn ní ìwọ̀n.

Òwò náà kò tọ́jọ́. Àwọn tí ń kọ igi kọ ọ́ jinlẹ̀ jù, wọ́n kọ ọ́ yí po, wọ́n sì tún kọ ọ́ kí ojú ọgbẹ́ àkọ́kọ́ tó jiná. Igi púpọ̀ kú. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, rọ́bà tí ń ti Èkó lọ ti wálẹ̀ gidigidi, ẹgàn tí ó yí Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú ká sì kún fún òkú ìrẹ́.

Kí ló dé tí àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ní ààlà nínú kò fi dá wọn dúró? Ìdáhùn kan tí ó ṣeé gbà ni pé ìrẹ́ kò sí nínú àtòkọ ohun tí ààlà wà fún. Ọ̀pẹ ní olówó. Obì ní olówó. Ìrókò ní ìbẹ̀rù tirẹ̀, nítorí Olúwéré. Ìrẹ́ kò ní èèwọ̀, kò ní ààlè, kò ní orúkọ ẹbí kankan lára, nítorí kò sí ẹni tí ó ti nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹgàn tí ó wà fún gbogbo ìlú di ibi tí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ti ń mú ohun tí ó bá rí. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kò lè dáàbò bo ohun tí kò tíì mọ̀. Ọjà àgbáyé lè sọ igi kan di wúrà láàárín ọdún kan. Èèwọ̀ kì í yára bẹ́ẹ̀.

Igbó ìjọba: ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì

Ìjọba amúnisìn ti ń ronú nípa igbó ṣáájú ìgbà rọ́bà. Ní 1887, Gómìnà Alfred Moloney tẹ ìwé kan jáde lórí igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n sì dá ọgbà ìwádìí ohun ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Ẹ̀bùtè Mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ikú ìrẹ́ àti ìwọlé ọkọ̀ ojú irin ni ó sọ èrò di òfin. Ojú irin, tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, nílò pákó lábẹ́ irin àti igi fún iná ẹ́ńjìnnì. Ní 1899 ni wọ́n ya igbó Olókemejì sọ́tọ̀ láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Òun ni a sábà máa ń kà sí igbó ìjọba àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ní 1903, H. N. Thompson, tí ó ti ṣiṣẹ́ igbó ní Burma, dé láti darí ẹ̀ka igbó ní Gúúsù Nàìjíríà. Òfin igbó tí ó kan gbogbo orílẹ̀-èdè jáde ní 1916, òmíràn tẹ̀lé e ní 1937.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn fi gba gbogbo èyí ni igbó ìjọba, tí àwọn mìíràn ń pè ní rìsáàfù. Ó yẹ kí a wo ọ̀rọ̀ ìjọba fúnra rẹ̀. Jíjẹ ọba ni ó ti wá. Kí àwọn òyìnbó tó dé, ìjọba ọba kan ni àkókò àti àṣẹ ọba náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà di orúkọ fún àwọn tí ń ṣe àkóso láti Èkó, ìtumọ̀ méjèèjì ń gbé pọ̀ nínú rẹ̀. Ìlànà ìṣàkóso nípasẹ̀ àwọn ọba sì mú kí ìdàpọ̀ náà le sí i. Òfin mọ oríṣi igbó ìpamọ́ méjì: èyí tí ó jẹ́ ti ìjọba gan-an, àti èyí tí ó wà lábẹ́ àṣẹ ìbílẹ̀, ìyẹn ọba àti ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ní ti ìkejì, orúkọ ọba ni ó wà lórí ìwé. Àwọn ọ̀gá ẹ̀ka igbó ni ó ń pinnu bí a ó ṣe lò ó.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá sọ fún àgbẹ̀ kan pé ilẹ̀ baba rẹ̀ ti bọ́ sí inú igbó ìjọba, ó lè gbọ́ ọ pé ọba ti gba ilẹ̀ padà, ó sì mọ ọ̀nà tí a ń gbà bẹ ọba. Ẹni tí ó ti ìdí ilẹ̀kùn yẹn wọlé kì í bá ẹni tí ó ń wá níbẹ̀. Òfin náà ya ohun tí kò ṣeé yà tẹ́lẹ̀: ilẹ̀ lè jẹ́ ti ẹbí, kí ìrókò tí ó wà lórí rẹ̀ sì nílò ìwé àṣẹ àti owó kí ẹnikẹ́ni tó gé e, kódà ní ìta igbó ìpamọ́. Ohun tí ó jẹ́ ìkórè lánàá di olè lónìí, láìjẹ́ pé ẹni tí ń ṣe é yí ìṣe rẹ̀ padà.

Igbó Ọmọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú fi ìrìn àjò ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Wọ́n yà á sọ́tọ̀ ní 1925. Ó gbòòrò tó nǹkan bí hẹ́kítà 130,500. Ní 1977, UNESCO fi í kún àwọn ibi ìpamọ́ ohun abẹ̀mí tí ó mọ̀ ní àgbáyé. Láti àwọn ọdún 1960 síwájú ni wọ́n sì ti ń gé apá ńlá lára rẹ̀ láti gbin gmelina ní ẹsẹẹsẹ, nítorí àti rí igi ṣe bébà, pàápàá fún ilé-iṣẹ́ bébà tí wọ́n gbèrò sí Ìwopin. Nínú ìṣirò àjọ FAO, oko gmelina jẹ́ igbó. Nínú èdè Yorùbá, ohun tí ènìyàn bá fi ọwọ́ gbìn ní ẹsẹẹsẹ kì í ṣe igbó. Oko ni, tàbí ọgbà. Igi kan kì í dá igbó ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ̀rún igi oríṣi kan ṣoṣo kò ṣe é. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Erin ṣì wà ní apá kan igbó Ọmọ, ibi tí igbó ti kù ni wọ́n sì fi ṣe ilé.

Kòkó àti ìṣákọ́lẹ̀

Ìjọba nìkan kọ́ ni ó yí ìtumọ̀ ẹgàn padà. Kòkó ṣe é pẹ̀lú. Láti oko àwọn onígbàgbọ́ àti oníṣòwò ní Agẹ̀gẹ́, níbi tí J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ àwọn olóko sílẹ̀ ní 1907, kòkó tàn dé Ìbàdàn, Ìlá, Iléṣà, Oǹdó àti Ìdànrè. Iṣu àti àgbàdo máa ń kúrò lórí ilẹ̀; kòkó kì í kúrò. Igi tí yóò so fún ọgbọ̀n ọdún kò fàyè gba kí a fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí ó sinmi. Bí kòkó ti gba ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà, kí a fi ilẹ̀ sílẹ̀, ń pàdánù agbára rẹ̀ nínú èdè oko.

Ọ̀rọ̀ tí ó gba ipò rẹ̀ ni ìṣákọ́lẹ̀. Ó ti wà tẹ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn díẹ̀ tí àlejò ń gbé wá fún onílẹ̀ láti fi hàn pé òun mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀: iṣu, ẹran ìgbẹ́, ohun tí oko bá mú wá. Nígbà kòkó, ó di owó tàbí ìwọ̀n kòkó lọ́dọọdún, ó sì di ẹjọ́ ní ilé-ẹjọ́. Ìbéèrè tí ó wà nínú ẹgàn ni pé, ìgbà mélòó ni ilẹ̀ yìí ti sinmi? Ìbéèrè tí ó wà nínú ìṣákọ́lẹ̀ ni pé, ta ló ń san án fún ta? Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978, tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ gómìnà, fi ìpele kan kún un láìpa èyí tí ó wà nílẹ̀ rẹ́. Lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo, ẹbí, àgbẹ̀ tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ àti gómìnà lè ní ọ̀rọ̀ láti sọ, kí ó má sì sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ fún ilẹ̀ pé ó ti tó.

Wòléwòlé àti Sátidé ìgbálẹ̀

Nígbà tí igbó ń di ti ìjọba ní ìgbèríko, ìtàn mìíràn ń lọ lọ́wọ́ nínú ìlú. Gómìnà William MacGregor, tí ó ṣe àkóso Èkó láti 1899 sí 1904, jẹ́ dókítà. Ó gbé ogun ti ibà àti ẹ̀fọn. Àrùn ìgbóná eku tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924 tún mú kí àyẹ̀wò ilé le sí i. Òṣìṣẹ́ tí ó ń wo inú amù fún tanwíji, tí ó ń wo ẹ̀yìnkùlé fún ìdọ̀tí, tí ó sì lè mú onílé lọ sí kóòtù, ni àwọn ènìyàn sọ ní wòléwòlé. Orúkọ náà gún régé. Ó sọ ohun tí ọkùnrin náà ń ṣe, ó sì sọ bí ó ti rí lára ẹni tí ó ń ṣe é sí: àlejò tí a kò pè, tí ó ń wo ilé kiri.

Wòléwòlé kò ṣe iṣẹ́ burúkú. Ìtàn ìlera ìlú kò lè pé bí a bá yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n ó fi àmì kan sílẹ̀ nínú èdè: ìmọ́tótó di ohun tí a ń ṣe nítorí pé ẹnì kan ń bọ̀ wá wò ó. Ní 1984, ìjọba ológun sọ Sátidé ìparí oṣù di ọjọ́ ìgbálẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè, gẹ́gẹ́ bí apá kan ogun rẹ̀ sí ìwà àìbìkítà. Ọkọ̀ kì í rìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, àwọn ènìyàn ń pe ọjọ́ yìí ní ẹnfairọ́mẹ́ǹtà, ìpínlẹ̀ Èkó kò sì dáwọ́ ìdènà ìrìnkèrindò náà dúró títí di 2016. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ohun tí ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí fún ọmọ tí a bí ní ìlú ni ìgbálẹ̀, gọ́tà àti ọlọ́pàá ní ojú títì.

Ìjọba fúnra rẹ̀ ń lò ó ní ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn tí àṣírí tú pé wọ́n ti kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì dà sí Koko, tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Delta òde òní, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ààbò àyíká sílẹ̀ nípasẹ̀ Òfin 58 ti 1988. Òfin yìí sọ nípa afẹ́fẹ́, omi, ilẹ̀ àti ohun abẹ̀mí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà wà nínú òfin àti ní ẹnu àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú wọn kò pàdé.

Àyíká, ojú-ọjọ́ àti ohun tí ó ń tọ́jọ́

Nínú ìwé àti ìròyìn Yorùbá, àyíká ni ó ti borí gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀. Yí ká ni ó ti wá, ohun tí ó yí ènìyàn ká. Ó yé ni, ó sì rọrùn láti lò. Àléébù rẹ̀ ni pé ó fi ènìyàn sí àárín, ó sì fi gbogbo ohun yòókù sí ẹ̀gbẹ́ láìdárúkọ wọn. Ẹgàn ní ọjọ́ orí, àkùrọ̀ ní omi, igbó Orò ní ẹni tí kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Àyíká kò ní olówó, kò ní èèwọ̀, ìsinmi kò sì sí nínú rẹ̀.

Àyípadà ojú-ọjọ́ ní ìṣòro tirẹ̀. Ojú-ọjọ́ ni bí ọjọ́ kan ti rí: ó ṣú, ó là, oòrùn mú. Kò sí àgbẹ̀ tí kò tíì rí i kí ojú-ọjọ́ yí padà láàárọ̀ kí ó tún tó di alẹ́. Ẹni tí a bá sọ fún pé ojú-ọjọ́ ń yí padà lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti máa ń ṣe, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì tọ̀nà nínú èdè náà. Ohun tí Òfin Àyípadà Ojú-ọjọ́ ti Nàìjíríà ti 2021 ń sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. Ọ̀rọ̀ ìgbà ni. Àsìkò òjò, ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ ni àgbẹ̀ fi ń ka ọdún rẹ̀. Bí a bá sọ fún un pé ìgbà ń yẹ̀, pé òjò àkọ́rọ̀ kò dé ní àsìkò tí àwọn baba rẹ̀ mọ̀, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan àkókò tí yóò kọ ebè. Nítorí náà, àyípadà ìgbà súnmọ́ òótọ́ ju àyípadà ojú-ọjọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ó le jù ni èyí tí ìròyìn ìgbìmọ̀ Brundtland sọ di gbajúmọ̀ ní 1987: ìdàgbàsókè tí ó ń pèsè fún àìní àwọn tí ó wà láyé láì gba agbára láti pèsè fún ara wọn lọ́wọ́ àwọn tí ń bọ̀. Àwọn olùtumọ̀ ti gbìyànjú láti fi títọ́jọ́, àlòpẹ́ àti bíbá a lọ gbé e. Ọ̀kọ̀ọ̀kan mú apá kan. Ṣùgbọ́n bàtà ń tọ́jọ́, aṣọ ń tọ́jọ́. Kí ohun kan tọ́jọ́ kò sọ pé ẹni tí ń lò ó gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró nígbà kan. Apá tí ó sọnù nínú ìtumọ̀ ni apá tí èdè oko ti mọ̀ rí: kí a fi í sílẹ̀ kí ó tó ṣá. Rọ́bà 1895 ìbá tọ́jọ́ bí ẹni tí ń kọ ìrẹ́ bá ti dúró de ọgbẹ́ àkọ́kọ́ kí ó jiná. Ìdàgbàsókè tí kò jẹ́ kí ilẹ̀ ṣá jẹ́ gbólóhùn tí ó gùn ju ti ìwé ìjọba lọ, ṣùgbọ́n ó ní ààlà nínú.

Àgbálọgbábọ̀

Kò yẹ kí a parí iṣẹ́ yìí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ọlọ́gbọ́n, tí ọ̀rọ̀ tuntun sì jẹ́ òmùgọ̀. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kọ́ni ní ohun mìíràn. Igbó òrìṣà ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí agbára èèwọ̀ rẹ̀ ń dín kù, Susanne Wenger, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣọ̀nà tí ó bá a ṣiṣẹ́ gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń gé igi àti àwọn tí ń ta ilẹ̀. Ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO sì fi hẹ́kítà 75 náà kún ogún àgbáyé ní 2005. Èèwọ̀, òfin ìjọba àti òfin àgbáyé dúró lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo, igbó náà sì kù.

Omi rẹ̀ ni kò rí ààbò. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, odò Ọ̀ṣun pọ́n rúsúrúsú, àwọn ènìyàn sì tọ́ka sí iṣẹ́ ìwakùsà góòlù ní òkè odò. Èèwọ̀ igbó kò dé ibẹ̀, nítorí ibẹ̀ kì í ṣe igbó Ọ̀ṣun. Ààlà tí ó jẹ́ agbára ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ó di àìlera rẹ̀. Níbí ni àyíká ti rí iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe, nítorí ohun tí ó yí ká kò mọ odi: ẹni tí ó ń wa ilẹ̀ ní òkè odò àti ẹni tí ó ń bu omi mu ní Òṣogbo wà nínú àyíká kan náà, yálà wọ́n mọ ara wọn tàbí wọn kò mọ ara wọn.

Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn onímọ̀ èdè, àwọn òpìtàn àti àwọn tí ń kọ òfin ni láti so méjèèjì pọ̀. Bí a bá ń kọ ìwé ìjọba lórí àyíká ní èdè Yorùbá, kí a dá orúkọ ẹgàn, àkùrọ̀ àti odò sínú rẹ̀, kí a sọ ẹni tí ó lè mú ohun kan níbẹ̀, kí a sì sọ ìgbà tí yóò fi í sílẹ̀. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àyíká yóò máa jẹ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn gbọ́ tí kò sì bá ẹnikẹ́ni wí, odò Ọ̀ṣun yóò sì máa gbé ẹrẹ̀ òkè odò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó tí òfin mẹ́ta ń ṣọ́.